Ọjọ́ Ọjà Nínú Rẹ́jísítà

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ sùúrù. Ẹni tó bá ti bá Hannah Ògúngbèmí ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé Ọlọ́run kò fi ìyẹn kún ẹrù mi nígbà tí mò ń bọ̀ wáyé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń ṣe tíṣà, mẹ́fà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì pírínsípà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ṣoṣo tó wà nílùú wa kékeré yìí, lẹ́yìn Ìpótì. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Ọjà wa, ọrọọrún ni wọ́n ń ná an. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé lọ́sẹ̀ yìí, èyí tó tẹ̀ lé e a bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, òmíràn a bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀ ń ka ọjọ́ méje ti ìjọba, àwọn méjèèjì kò sì fìgbà kan bára mu. Ọjọ́ ọjà tó bá ti bọ́ sí ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kíláàsì a dá páropáro. Ẹni tó ń ru iṣu wà lọ́jà, ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ ta ata wà lọ́jà, ẹni tó ń jókòó ti kòkó bàbá rẹ̀ nídìí òṣùwọ̀n wà lọ́jà. Nínú ogún ọjọ́ tí a bá ṣí ilé-ẹ̀kọ́, márùn-ún ni ọjà ń jẹ. Òfin sì wà nílẹ̀ pé ọmọ tí kò bá wá sílé-ẹ̀kọ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọn kò ní kọ orúkọ rẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde. Ẹ ṣírò ó fúnra yín. Ọmọ tó bá pa ọjọ́ ọjà nìkan jẹ, etí bèbè ló dúró sí. Kí ibà ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti já bọ́ nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mọ́kànlá ni òfin yìí gé kúrò nínú ìdánwò. Emmanuel tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wà lára wọn. Kòtò àwọn awakùsà lẹ́bàá Ìjerò ló wà báyìí, ó ń fọ òkúta. Mo pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi nínú ẹrẹ̀. Mo délé, mi ò lè jẹun.

Àsìkò yẹn náà ni ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Wọ́n ní kí a máa kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń tún kámẹ́rà ìṣọ́ ṣe, ní ìlú tí kò rí iná mànàmáná láti ọdún mẹ́jọ, tí kò sí kámẹ́rà kankan níbẹ̀ ju ti inú fóònù lọ. Orí mi gbóná. Mo dìde nínú ìpàdé àwa tíṣà, mo ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ta ni wọ́n bi léèrè nínú wa kí wọ́n tó gbé èyí dé? Ezekiel Bánjọ, pírínsípà wa, jẹ́jẹ́ ọkùnrin tó lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ewúrẹ́ kó tó lé e kúrò lọ́nà, nu ojú rẹ̀. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n kọ tèmi wá ká rí i. Ó rò pé màá jókòó. Mo lọ kọ ọ́.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Mo wọ ilé àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi ìyálọ́jà. Mo bi àwọn tó ń ra kòkó, mo bi fíkà wa àti pásítọ̀ CAC, mo tilẹ̀ lọ bá àwọn bàbá tó ń bọ Ògún ní ìsàlẹ̀ ìlú, nítorí ọdún wọn náà a máa kó àwọn ọmọ lọ. Ìbéèrè kan náà ni mo gbé síwájú gbogbo wọn: kí ló yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún, mọ̀ nílùú yìí? Wọ́n dá mi lóhùn dáadáa. Ó di ogójì ojú ewé.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọjọ́ ọjà náà di ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́. A kò ní ṣe Ìṣirò tàbí Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa pàdánù rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á jókòó ti àwọn òbí rẹ̀ lọ́jà pẹ̀lú nóòtù. Á kọ iye tí wọ́n ń ta ọjà láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nígbà tí ọjà bá ń tú, á sì wádìí ìdí tó fi wọ́n tàbí tó fi rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ohun tó kọ la ó fi ṣe Ìṣirò. Èmi á máa rìn káàkiri ọjà pẹ̀lú rẹ́jísítà, mo bá rí ọmọ, mo fi àmì sí orúkọ rẹ̀.

Kí àyè tó lè gba gbogbo èyí, nǹkan kan ní láti jáde. Físíìsì ni mo yọ. Ọdún kẹfà rèé tí a kò ní tíṣà Físíìsì. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù lára táìmùtébù, ẹlòmíràn a wọlé, a ní kí wọ́n ka ìwé wọn jẹ́jẹ́. Mo fi báírò pupa fa igi lé e lójú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n. Kò sí òbí kan tó sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Bánjọ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọ́fíìsì àwọn alábẹ̀wò gbà pé ká dán an wò fún sáà kan; bó bá dára, wọ́n á fọwọ́ sí i, ọjọ́ ọjà á sì wọ inú ìṣirò ọjọ́ tí ọmọ wá. Ó dára, ẹ gbọ́. Àwọn ọmọ tí kì í kọ ìlà méjì tẹ́lẹ̀ ń kọ ojú ewé mẹ́ta. Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n ló wà ní SS2. Bí a bá ka ọjọ́ ọjà mọ́ ọn, gbogbo wọn ló yege láti kọ orúkọ fún ìdánwò. Bí a kò bá kà á, mọ́kàndínlógún ló máa já bọ́. Mo ti há orúkọ àwọn mọ́kàndínlógún yẹn sórí bí Orin Dáfídì.

Àánú ló gbọ́n jù nínú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà, Màmá Àtọ́kẹ́, ló ń tọ́ ọ. Òkè pátápátá lọ́jà ni màmá yìí ti ń ta ata àti orúnlá, lẹ́yìn àwọn elépo, níbi tí àpáta ti pọ̀ lójú ọ̀nà. Orúnkún mi kò fẹ́ràn ibẹ̀. Ọjọ́ ọjà kìíní tí mo fẹ́ gun òkè yẹn, ọ̀rẹ́ Àánú tó ń jẹ́ Tèmilọlá pàdé mi ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú nóòtù méjì lọ́wọ́. Ó ní Àánú ń tajà lọ́wọ́, èrò pọ̀, Àánú ló ní kí òun bá a mú nóòtù tirẹ̀ wá. Mo dúpẹ́, mo fi àmì sí i. Ọjọ́ ọjà kejì, bákan náà. Ó di àṣà.

Nóòtù rẹ̀ ni mo máa ń kà sétí àwọn tíṣà yòókù. Gbogbo ọmọ a kọ pé ata wọ́n nítorí òjò. Àánú a kọ pé ata wọ́n nítorí pé omi gbé afárá kékeré lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, pé ọkọ̀ ní láti gba Àrámọkọ yí ká, pé ata tó bá pẹ́ lọ́nà a rọ̀, ìdajì rẹ̀ a sì bàjẹ́ kó tó délẹ̀. Mo ní, ẹ wo ọmọ. Mo ní èyí ni mo ń wí.

Ọjọ́bọ̀ kan tó jẹ́ ọjọ́ ọjà ni alábẹ̀wò dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Nathaniel Fápohùndà ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin gbígbẹ kan tó gbé agbòòrùn lọ́wọ́. Ó bá kíláàsì lófìfo. Mo ṣàlàyé. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló já mi láyà. Ó ní òun ti ka ogójì ojú ewé náà, ó wu òun, lónìí gan-an lòun fẹ́ fọwọ́ sí i tàbí kí òun dá a padà. Ó ní ká gbé rẹ́jísítà ká lọ sọ́jà, kí òun fi ojú ara òun rí ohun tí mò ń fi àmì sí.

Ó ń pe orúkọ, àwọn ọmọ ń dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Inú mi ń dùn, mi ò ní purọ́. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló rí. Ó wá ku Àánú. Ó wo òkè àpáta yẹn, ó ní kí n lọ pè é wá, òun á jókòó lọ́dọ̀ àwọn elépo. Mo di orúnkún mi mú, mo gùn ún.

Màmá Àtọ́kẹ́ nìkan ni mo bá. Ata kún iwájú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan wọ̀n ọ́n, ó ń fi èkejì di ìbàdí mú. Bó ṣe rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún mi. Mo bi í léèrè Àánú. Ó wò mí bí ẹni tí ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ó wà ní ulé ùwé, lọ́dọ̀ rẹ. Ṣebí ìwọ lo ní ọjọ́ ọjà gan-an ni wọn kò gbọdọ̀ pa jẹ mọ́? Láti ìgbà yẹn, èmi nìkan ni mò ń tajà. Kò burú, kó ṣáà kàwé rẹ̀.”

Ilé rò pé ilé-ẹ̀kọ́ ló wà, ilé-ẹ̀kọ́ rò pé ọjà ló wà, fún odidi sáà kan, ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Èmi ni mo la ọ̀nà yẹn fún un. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ni mí, mo sì wà lọ́jà, rẹ́jísítà wà lọ́wọ́ mi.

Mi ò sọ fún màmá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo parọ́ fún alábẹ̀wò pé wọ́n rán an níṣẹ́. Ó wo aago rẹ̀. Ó ní aago méjì la ń jáde nílé-ẹ̀kọ́, òun á dúró ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Bánjọ títí di ìgbà náà.

Ó ní, “Màdáàmù, àmì rẹ̀ pé láìsí ọjọ́ kan tó yọ. Ẹ mú un wá kí n rí i. Bí àmì kan bá jẹ́ irọ́, mi ò lè gba ìyókù gbọ́.”

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀. Mo fa Tèmilọlá lọ sẹ́yìn ìsọ̀ àwọn oníṣu. Kí n tó la ẹnu, omi ti bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ni òun ń kọ iye ọjà, Àánú á gbà á lọ́wọ́ òun lálẹ́, á kọ ìdí rẹ̀ sí i, òun á sì mú méjèèjì wá fún mi ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Ibi tó ń lọ, kò mọ̀. Ọ̀kadà Joshua ló ń gùn. Mo fẹ́ gbá a létí. Ọlọ́run ló dì mí lọ́wọ́ mú, nítorí etí ara mi ló yẹ kí n gbá.

Joshua wà ní ibùdó àwọn ọlọ́kadà, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Nígbà tí mo bi í, ó dìde fùú. Ó ní, “Mo rò pé ẹ̀yin lẹ rán an, mà. Ó ní ẹ̀yin lẹ ń rán òun sí Ìjerò ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Nítorí orúkọ yín ni mi ò ṣe gba owó.” Mo gun ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, mo ní kó gbé mi lọ síbi tó ń gbé e lọ.

Ẹ ò mọ ohun tí mo fojú inú rí lójú ọ̀nà yẹn. Kòtò ni mo ń rò. Mo rí Emmanuel nínú ẹrẹ̀, mo rí Àánú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí ilẹ̀ tó ń ya. Nígbà tí mo bá ti lé ìyẹn kúrò lọ́kàn, n ó rí yàrá ọkùnrin kan. Mo ń sọ fún Joshua pé kó sáré, mo tún ń sọ fún un pé kó rọra. Mo bẹ Ọlọ́run pé ohunkóhun tí mo bá bá, kó ṣáà jẹ́ ohun tó ṣì lè tún ṣe.

Joshua kò yà síbi kòtò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kan, ó ní ibí ni. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà wọlé, mo ń yọjú lójú fèrèsé bí olè. Ní kíláàsì kẹta ni mo rí i, ní àga tó gbẹ̀yìn. Yunifọ́ọ̀mù wọn ló wọ̀, ó tóbi fún un léjìká. Ọ̀dọ́mọkùnrin agùnbánirọ̀ kan wà níwájú, ó ya gíláàsì sára pátákó, ó ya ìlà ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú gíláàsì náà tó sì tẹ̀. Ó bèèrè pé kí ló dé tó fi tẹ̀. Àánú nawọ́ sókè. Láti ọdún méjì tí mo ti ń kọ́ ọmọ yìí, mi ò rí i kó nawọ́ sókè rí, ìgbà tí mo bá pè é ló ń dáhùn.

Físíìsì ni wọ́n ń ṣe.

Mo ní kí wọ́n bá mi pè é jáde. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀, kò sá, kò sunkún. Agùnbánirọ̀ náà, Táyọ̀ lorúkọ rẹ̀, tẹ̀ lé e jáde, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn fèrèsé lòun ti kọ́kọ́ rí i tó dúró tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, tí òjò ń pa á, àánú rẹ̀ ṣe òun, òun bá a yá yunifọ́ọ̀mù ọmọ kan tó ti jáde kí wọ́n má bàa lé e. Mo ní kó padà sí kíláàsì rẹ̀. Mo wá kọjú sí Àánú pẹ̀lú gbogbo ìbínú tí mo ti kó bọ̀ láti ilé.

Mo ní, “Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

Ó wolẹ̀. “Nígbà tí ẹ ń kọ ìwé yín, ẹ bi ìyá mi àgbà, mà. Ẹ bi ìyálọ́jà, ẹ bi pásítọ̀. Ẹ ò bi wá.”

Ó wá ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dun èèyàn. Ó ní òun fẹ́ mọ bí iná mànàmáná ṣe ń wá àti ìdí tí kò fi wá sọ́dọ̀ wa. Ìyá rẹ̀ àgbà kò lè jẹ́ kó máa gbé Ìjerò, kò sì sí owó ọkọ̀ ojoojúmọ́, ọjọ́ ọjà nìkan ló lè rí. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí orúkọ Físíìsì bá ṣì wà lórí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa, bí kò tilẹ̀ sí tíṣà, òun lè kọ ọ́ mọ́ ìdánwò òun, kí òun sì fi ohun tí òun kọ́ níbí ṣe é. Ó ti gbọ́ pé mo ti yọ ọ́ nínú ìwé mi, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ náà pé wọn kò tíì fọwọ́ sí i. Ó ti ń gbàdúrà kí wọ́n má fọwọ́ sí i.

Èmi pẹ̀lú ń gbàdúrà ní tèmi kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ọlọ́run kan náà là ń pè.

Mo sọ ohun tó wà nílé fún un: alábẹ̀wò, aago méjì, rẹ́jísítà. Ó bi mí pé bí òun kò bá yọjú ńkọ́. Mo ní wọn kò ní ka ọjọ́ ọjà fún ẹnikẹ́ni. Ó bi mí pé àwọn mélòó ló máa já bọ́. Mo ní mọ́kàndínlógún. Ó ní kí n dárúkọ wọn. Mo dárúkọ wọn tán. Tèmilọlá ni ìkẹtàlá.

Ó bọ́ yunifọ́ọ̀mù yẹn nínú ilé ìgbẹ́ wọn, ó wọ tiwa tó ká sínú báàgì. Àwa mẹ́ta la wà lórí ọ̀kadà, òun láàárín. Mo ń rò ó lọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo lè sọ òtítọ́ fún alábẹ̀wò pé mo fi àmì sí ọmọ tí mi ò rí. Á dá ìwé padà, Físíìsì á dúró, ṣùgbọ́n àwọn mọ́kàndínlógún á lọ, òun gan-an náà á sì lọ pẹ̀lú wọn, nítorí ọjọ́ ọjà rẹ̀ náà kò ní sí nínú ìṣirò. Kò sí ibi tí mo yí i sí tí kò gún mi. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún.

Nígbà tí a dé oríta Ìpótì, ó yíjú sí mi díẹ̀.

Ó ní, “Èló ni wọ́n ń ta ata lónìí, mà?”

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní tíṣà yẹ kó sọ pé rárá. Mo sọ iye tí wọ́n ń ta ata fún un. Mo sọ ti orúnlá. Mo sọ ti iṣu àti epo, mo ń pariwo rẹ̀ sí i létí nítorí atẹ́gùn, ó sì ń tún un sọ lẹ́yìn mi.

Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú nígbà tí a wọlé. Àánú dúró níwájú tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Alábẹ̀wò bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn. Ó ka iye ọjà láti orí ata dé orí epo. Ó ní orúnlá rọ̀ ju ti ọjà tó kọjá lọ nítorí pé oòrùn ti ran ọjọ́ mẹ́fà láìdáwọ́ dúró, gbogbo ilé ló rí tiwọn sá gbẹ. Mi ò sọ ìyẹn fún un, òun ló ronú rẹ̀ lórí ọ̀kadà. Fápohùndà rẹ́rìn-ín fún ìgbà kìíní láti àárọ̀. Ó ní kí Ọ̀gá Bánjọ wá wo ọmọ, ó ní bó ṣe yẹ kí ẹ̀kọ́ rí nìyí, ẹ̀kọ́ tó bá ayé ọmọ mu.

Ó fa ìwé yọ, ó ń ṣí i lójú ewé kan sí èkejì, ó ń fọwọ́ sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó dé ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n, ó dúró. Ó ní bí òun bá fọwọ́ sí èyí, orúkọ Físíìsì á kúrò lórí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ yìí pátápátá, ọ́fíìsì kò sì ní wá tíṣà rẹ̀ fún wa mọ́. Bí a bá fẹ́ kó dúró, kò burú, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé náà á padà sí ọ́fíìsì láti tún un kọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ó wò mí. Mo ń wo báírò rẹ̀. Ó wá ṣe ohun tí èmi kò ṣe ní gbogbo oṣù mẹ́ta tí mo fi kọ ọ́. Ó kọjú sí ọmọ.

Ó ní, “Ìwọ ńkọ́? Ṣé o nílò Físíìsì?”

Àánú wo ojú mi. Mo mọ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀. Àyè wà, ó tó bí ẹni ka ení dé orí ẹ̀wá.

Ó ní, “Rárá, sà.”

Fápohùndà fọwọ́ sí i. Ó ní kí wọ́n bá òun wá omi tútù. Kí ó tó lọ, ó fi àṣẹ kan kún un, pé láti ìsinsìnyí lọ, tíṣà gbọ́dọ̀ dé ìsọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan kó fi ojú rí i kó tó fi àmì sí i. Ó ní òun kò fura sí ẹnikẹ́ni o. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Mo gun òkè àpáta yẹn, orúnkún tàbí kò sí orúnkún. Àánú jókòó lẹ́yìn ata, nóòtù wà lórí itan rẹ̀. Màmá Àtọ́kẹ́ dìde kí mi, ó ní inú òun dùn pé mo ti fún òun ní ọmọ òun padà lọ́jọ́ ọjà, ìbàdí òun ti fẹ́ kán. Ó súre fún mi, fún àwọn ọmọ mi, fún gbogbo ilé mi. Mo ń ṣe àmín.

Mo gba nóòtù. Iye ata wà níbẹ̀, iye orúnlá wà níbẹ̀, ó kọ ọ́ dáadáa. Ibi tó ti máa ń kọ ìdí rẹ̀, kò kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Mo ní, “Àánú, ìdí rẹ̀ ńkọ́?”

Ó ní, “Kò sí, mà.”

Ó gba nóòtù rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó yíjú sí obìnrin kan tó ń bèèrè ata. Mo dúró níbẹ̀ títí obìnrin náà fi rajà tán. Mo wá ṣí rẹ́jísítà, mo pe orúkọ rẹ̀, ó dáhùn, mo sì fi àmì sí i.